Orúkọ Ìyàwó Aago

Nínú ẹgbẹ́ aláàánú àwọn ọkọ wa ní ìlú Chiayi, ní Taiwan, ọkùnrin tó bá ti wọlé, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ la fi ń pè é. Ọkọ mi ń ta sìmẹ́ńtì, Sìmẹ́ńtì ni wọ́n ń pè é. Oníṣègùn eyín ni alága wa lọ́dún yìí, Eyín la ń pe òun náà. Àwa ìyàwó kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. À ń bá wọn gbọ́únjẹ, à ń bá wọn pín aṣọ òtútù fún àwọn aláìní, orúkọ ọkọ la sì ń jẹ́: Ìyàwó Sìmẹ́ńtì, Ìyàwó Eyín. Kò sẹ́ni tó bínú sí i. Ta ló ráyè há orúkọ gbogbo ayé sórí?

Ìyàwó Aago lọ̀rẹ́ mi nínú gbogbo wọn. Ó ti lé lógún ọdún tí a ti jọ ń jókòó sídìí tábìlì kan náà. Mo mọ̀ pé kì í jẹ àlùbọ́sà. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin kó lọ sí Taipei, mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a sin ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú náà, gbogbo wa rò pé ó máa ti ṣọ́ọ̀bù tí ọkọ rẹ̀ ti ń tún aago ṣe pa. Kò tì í. Ó gbé àpò irinṣẹ́ ọkọ rẹ̀ sórí alùpùpù, ó ń lọ sílé àwọn arúgbó tó ń dá gbé, ó ń bá wọn tún aago ara ògiri ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Aago tí kò bàjẹ́ pàápàá, á ṣí i, á fẹ́ eruku inú rẹ̀, á bá wọn mu tíì, á gbọ́ tẹnu wọn. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ fi ní kó wá bá àwọn sọ̀rọ̀ nípàdé ọ̀sán Ọjọ́bọ̀.

Alága Eyín pè mí lórí fóònù.

"Ìyàwó Sìmẹ́ńtì, ẹ̀yin lẹ máa fi àlejò hàn o. Ó gbà láti wá, àmọ́ nǹkan kan ṣoṣo ló ní òun fẹ́."

"Kí ló fẹ́?"

"Ó ní ká pe òun lórúkọ òun. Òun ò fẹ́ wá bí ìyàwó ẹnikẹ́ni."

"Kí wá lorúkọ ẹ̀?"

"Ẹ̀yin lọ̀rẹ́ ẹ̀. Èmi lẹ wá ń bi?"

Mo wo fóònù mi, "Ìyàwó Aago" ni mo kọ síbẹ̀. Mo bi ọkọ mi.

"Orúkọ ta? Ṣé kì í ṣe Ìyàwó Aago ni?"

"Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé bàbá ẹ̀ ni mò ń wí."

"Háà! Lọ bi í."

"Lẹ́yìn gbogbo ọdún yìí? Ojú wo ni mo fẹ́ fi bi í?"

"Ojú tó wà lórí ẹ náà ni." Ó bú sẹ́rìn-ín, ọkùnrin tí kò nítìjú yìí.

N kò bi í. Ìtìjú ni, ìgbéraga sì wà níbẹ̀ díẹ̀. Mo ń tan ara mi pé kí ọjọ́ tó pé, ẹnìkan á pe orúkọ rẹ̀ létí mi. Ta ló máa pè é?

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ dé, alága lu agogo, a kọrin ẹgbẹ́, wọ́n gbé ìrẹsì ẹlẹ́ran tòlótòló wá. Ìyàwó Aago jókòó lápá ọ̀tún mi. Ó wọ kóòtù búlúù kan tí n kò rí lọ́rùn rẹ̀ rí, ó kun ètè, kò sì fọwọ́ kan oúnjẹ. Ẹnu mi ló ń wò. Mo mọ ohun tó ń retí.

Wọ́n pè mí. Mo di makirofóònù mú, mo sọ ti aago, mo sọ ti alùpùpù, mo sọ ti àwọn arúgbó, mo yí ọ̀rọ̀ po títí tí kò fi síbi tí mo tún lè yí i gbà mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kí àlejò wa káàbọ̀, ìyá..."

Mo lè pè é ní Ìyàwó Aago, kí wọ́n pàtẹ́wọ́, kó tán síbẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀, n kò lè ṣe é.

"Ẹ má bínú," mo wí. "N ò mọ orúkọ ọ̀rẹ́ mi."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé òun nìkan ni, ó gbé ẹ̀rín mì. Ọ̀rẹ́ mi dìde, ó gba makirofóònù lọ́wọ́ mi. Mo rò pé yóò bínú, ó sì tọ́ sí mi.

"Hsiao Yueh-kuei lorúkọ mi," ó wí. "Tí mo bá dé ẹnu ọ̀nà arúgbó kan, orúkọ ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń pè kí n tó kan ilẹ̀kùn. Bàbá kan wà lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin, nígbà tí mo kọ́kọ́ pè é, kò dáhùn. Ó ní òun rò pé ẹlòmíì ni wọ́n ń pè. Ní báyìí, n ò tíì ní pè é tán tí á fi dáhùn pé, 'Mo wà nílé o!' Mo padà sílé lọ́jọ́ kan, mo dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, mo pe orúkọ tèmi sókè. Èmi náà ò tètè dáhùn."

Ó yíjú sí mi.

"Láti àná ni mo ti ń kọ́ bí mo ṣe máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó máa fi mí hàn. Mo kọ́ ọ, mo kọ́ ọ, mo dé ibi orúkọ, mo há." Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ti dé ojú rẹ̀. "Ọ̀rẹ́ mi, kí lorúkọ tìẹ?"

"Pi-hsia." Ohùn mi jáde tínínrín. Ìyá mi ló pè mí bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, ó sì ti pẹ́ tó ti wọlẹ̀.

"Pi-hsia!" Ó pè é sókè, bí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo wà nílé o," mo wí.