Oògùn Tó Gba Inú Gọ́tà Lọ Sí Ọ̀sà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí òjò ṣe dá ní òpópónà Adéníji Adélé ní Èkó, òórùn kan gbá mi nímú, mo sì dúró. Òórùn oògùn ni, irú èyí tó máa ń jáde bí èèyàn bá ṣí ike oògùn tó ti pẹ́ nílẹ̀. Mo wo inú gọ́tà, mo rí kápúsù pupa àti yẹ́lò tó ń léfòó lọ sí ọ̀sà. Ẹni tó dà á síbẹ̀ ti wọlé lọ. N kò lè bínú sí i púpọ̀, nítorí èmi náà ti ṣe irú ẹ̀ rí.

Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí mi sí, nínú agboolé tí gbogbo ojúlé ti kọjú síra wọn. Màmá mi ní ṣọ́ọ̀bù oògùn òyìnbó kékeré lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, òjò ni agbálẹ̀ wa nígbà náà. Bó bá ti ṣú, oníkálukú á gbé ìdọ̀tí rẹ̀ jáde, a ó dúró ti gọ́tà bí ẹni ń retí ọkọ̀. Bí àgbàrá bá ti dé, a ó dà á sí i. Ohun tó bá ti dé ọ̀sà, a kì í béèrè rẹ̀ mọ́. A sì ń pe ara wa ní onímọ́tótó.

Mo tó ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí màmá mi gbé abọ́ kan lé mi lọ́wọ́ bí òjò ti ń rọ̀: oògùn oníhóró àti olómi tí ọjọ́ wọn ti kọjá. Mo da gbogbo rẹ̀ sí gọ́tà. A kò mọ̀ pé gọ́tà ti dí lẹ́yìn agboolé, níbi tí àwọn pẹ́pẹ́yẹ Ìyá Àgbà, olórí àwọn obìnrin ilé wa, ti máa ń jẹ̀. Wọ́n ṣa hóró oògùn jẹ bí àgbàdo. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, mẹ́rin ti kú.

Ìyá Àgbà fẹ́ràn pẹ́pẹ́yẹ ju àwa ọmọ-ọmọ lọ, kò sì fi pa mọ́. Sàúdátù ló nàka sí, ìyàwó tuntun tí wọ́n fẹ́ wá láti Ìjẹ̀bú, nítorí pé ó ti ṣépè fún àwọn pẹ́pẹ́yẹ nígbà tí wọ́n jẹ ẹ̀gẹ́ tó sá sóòrùn.

"Ìyàwó tó lè fún ẹyẹ ní májèlé, ọkọ ló kàn," ni Ìyá Àgbà wí.

Àwọn àgbà ilé ní bí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ tán, kó kó ẹrù rẹ̀ padà sílé baba rẹ̀.

Ọjọ́ méjì ni màmá mi fi dákẹ́. Ẹ̀rù ń bà á: ta ni yóò tún ra oògùn lọ́wọ́ ẹni tí oògùn rẹ̀ pa pẹ́pẹ́yẹ? Ṣùgbọ́n bí Sàúdátù ti gbé àpótí rẹ̀ rù lọ́jọ́ Jímọ̀, màmá mi jáde, ó sì kúnlẹ̀ láàárín agboolé.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Oògùn tèmi ló pa wọ́n. Èmi ni mo ní kí ọmọ mi dà á sí gọ́tà."

Ìyá Àgbà kọ́kọ́ kọjú sí ìyàwó náà. "Sàúdátù, wọlé. Ìwọ ìyá olóògùn, èyí tó pa pẹ́pẹ́yẹ yìí, kí ló ń ṣe fún ẹja tí à ń rà jẹ?"

Ọjà màmá mi kùtà fún oṣù mélòó kan lóòótọ́. Síbẹ̀ ó gbé agolo onídèérí kan sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí gbogbo àdúgbò máa kó oògùn tó ti bàjẹ́ wá. Bí ó bá kún, yóò gbé e lọ sí ọsibítù tó ní ibi tí wọ́n ti ń jó irú rẹ̀. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, ṣùgbọ́n kò gbé agolo náà kúrò. Mo ń fi obìnrin yẹn yangàn dòní.

Mo ti wá gbọ́ èsì ìbéèrè Ìyá Àgbà. Oògùn kì í kú nítorí pé ọjọ́ rẹ̀ kọjá. Ó ń yọ́ sínú ọ̀sà, ẹja ń mu ún, oògùn náà á sì mọ́ kòkòrò àrùn inú omi lára, débi pé bí a bá lò ó nígbà àìsàn, kò ní tu irun kan lára wọn.

Agboolé wa ti di ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kò sẹ́ni tó ń sin pẹ́pẹ́yẹ níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí màmá mi jáde láyé, kí a tó ronú kan ẹni tí a ó bẹ̀ láti wẹ òkú rẹ̀, Sàúdátù, tó ti darúgbó, ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

"Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bọ́ síta," ló wí. "Èmi ni mo máa wẹ̀ wọ́n."

A bọ́ síta fún un.