Àpò Gàrí Lórí Alùpùpù Bàbá Wa

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé orí táǹkì epo ni wọ́n ń gbé mi jókòó sí, alùpùpù kan wà nílé wa ní Ìsọlọ̀ tí ó dàgbà jù mí lọ. Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ yóò rántí irú rẹ̀: dúdú bí ìdí ìkòkò, sílíńdà kan ṣoṣo, tí dídún rẹ̀ máa ń jí ọmọ jòjòló lójú oorun. Àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ni ó ṣe é. Bàbá wa, tí ó ń ṣe fítà, ìyẹn alátùn-únṣe ẹ̀rọ, ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń hun aṣọ, ti rà á kí ó tó gbéyàwó, òun ni ó sì fi gbé ìyá wa láti Ìsẹ́yìn wá sí Èkó. Èmi Mulika, àkọ́bí wọn, ni mo máa ń fọ̀ ọ́ láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú pẹ̀lú kàn-ìn-kàn-ìn àti ọṣẹ. Bí mo bá fi ẹrẹ̀ sílẹ̀ lára táyà, ìkúnlẹ̀ ni, ọwọ́ méjèèjì lókè, títí àkàrà tí àwọn àbúrò mi ń jẹ yóò fi tán.

Owó epo rọ̀bì ti dé sílẹ̀ wa nígbà náà. Ní Òṣòdì, létí ojú irin níbi tí ìyá wa ti ń ta abọ́ tánganran, àwọn oníbàárà kì í fi bẹ́ẹ̀ ná ọjà. Wọ́n á kàn ní kí ó bá àwọn dì í. Ara ìyá wa kún, ó ń dán. Láyé ìgbà yẹn, bí obìnrin bá sanra, ọkọ rẹ̀ ni wọ́n ń kí. Ṣùgbọ́n bí ara ìyá wa ti ń pọ̀ sí i ni agbára alùpùpù ń dín kù. Inú sílíńdà rẹ̀ ti jẹ, ó ń mu ọ́ìlì bí ẹni ń mu ẹ̀kọ.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ amọ̀ pupa kan wà ní ọ̀nà wa sí Òṣòdì, nígbà tí wọn kò tíì da ọ̀dà sí i. Bí a bá dé ibẹ̀, alùpùpù á máa húkọ́, ìyá wa á sọ̀ kalẹ̀, á fi ẹsẹ̀ gun òkè náà. Bàbá wa á gbé èmi nìkan gùn ún, a ó sì dúró dè é lókè. Àwọn ọmọ tí ń ṣe súwé lẹ́bàá ọ̀nà ti mọ àkókò wa. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n sọ ọ́ di orin, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí i pé ìyá ti sọ̀, maṣíìnì ò lè gbé e. Ìyá wa ń gun òkè náà lọ títí ó fi dé ibi tí a dúró sí. Ó wá na ọwọ́ gba ẹrù rẹ̀, ó ní, "Bàbá Mulika, ẹ máa lọ. Bí mo ṣe máa gùn ún mọ nìyẹn."

Láti ọjọ́ náà, bọ́lẹ̀kájà ni ó ń wọ̀. Oúnjẹ bàbá wa kò pẹ́, ẹran rẹ̀ kò dín, ṣùgbọ́n ìyá wa kò sọ ìtàn ọjà fún un nídìí abọ́ mọ́. Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Ọmọdé ni mí, mo rò pé alùpùpù lè tú ilé ká.

Bàbá Sikiru, tí ó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, ṣẹ̀ṣẹ̀ ra maṣíìnì àwọn ará Japáànù ni. Ó gba bàbá wa nímọ̀ràn pé kí ó ta ògbólógbòó yẹn fún àwọn onírin. Bàbá wa dá a lóhùn pé, "Èyí tó gbé e wá sílé ọkọ náà ni yóò máa gbé e." Olóríkunkun ènìyàn ni, kí Ọlọ́run forí jì í.

Ó tì í lọ sọ́dọ̀ Bọ̀dá Ràsákì, mẹkáníìkì tí ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò. Pisitini tuntun, irin tí ń lọ sókè sódò nínú sílíńdà, ni ó yẹ kí wọ́n fi sí i, ṣùgbọ́n kò sí irú rẹ̀ mọ́ ní gbogbo Èkó. Ẹrù Japáànù ni àwọn tó ń kó o wọlé ń tà báyìí. Bọ̀dá Ràsákì wá rí pisitini kan yọ nínú ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́yìn rogodo tí a ń pè ní ìjàpá, tí ó kú sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin, ṣùgbọ́n ó tóbi ju ihò sílíńdà wa lọ.

"Ẹ bá mi gbẹ́ ihò náà kó fẹ̀," ni bàbá wa wí. "Bí inú ẹ bá tóbi, epo tó máa jó níbẹ̀ á pọ̀, agbára ẹ̀ náà á pọ̀."

Bọ̀dá Ràsákì mi orí. Sílíńdà náà kò ní èkejì. Bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ kọjá bó ṣe yẹ, tí ara rẹ̀ lu, alùpùpù ti di ohun tí adìyẹ ń sùn lé nìyẹn. Bàbá wa fúnra rẹ̀ lọ dúró ti ọkùnrin tí ó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin ní Múṣín, ó ń sọ fún un pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Wọ́n gbẹ́ ẹ, kò lu. Pisitini náà ga jù, wọ́n rẹ́ orí rẹ̀ díẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fẹsẹ̀ ṣáná sí i, ohùn rẹ̀ ti yí padà, ó ń ti ìsàlẹ̀ ikùn wá. Bọ̀dá Ràsákì kìlọ̀ pé kí bàbá wa máa rọra gùn ún fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí pisitini àti ilé rẹ̀ tuntun kọ́kọ́ mọwọ́ ara wọn. Kẹ̀kẹ́ wá ń ya bàbá wa sílẹ̀ lójú títì. Àwọn aládùúgbò ní ẹni tó bá gbé ọkàn ìjàpá sí maṣíìnì, báwo ni yóò ṣe sáré? Bàbá wa kàn ń rẹ́rìn-ín ni.

Ibi tí ó ti rò pé òun gbọ́n gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Kò fẹ́ kí ojú tún ti ìyá wa lórí òkè yẹn, ni ó bá lọ yá àpò gàrí ńlá kan, ó fi rọ́bà táyà dè é mọ́ àga ẹ̀yìn, ó ń gbé e gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó ń gbé e sọ̀. Ẹnìkan sáré wá sọ fún ìyá wa nílé. Wọn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé fún un pé òun ni àpò náà dúró fún. Ó so gèlè mọ́rí, ó fà mí lọ́wọ́, ó di ìsàlẹ̀ òkè.

Bàbá wa rí wa, ó pa ẹ̀rọ. Ìyá wa fi ọwọ́ lu àpò náà, ó ní, "Bàbá Mulika, ṣé èmi rèé?"

Bàbá wa ń wo ilẹ̀. "Mi ò fẹ́ kó o tún fẹsẹ̀ gun òkè yìí mọ́. Mo ní kí n kọ́kọ́ fi àpò dán an wò, kó má tún já ọ kulẹ̀."

Ìyá wa fi ọwọ́ méjèèjì gbé àpò náà wò, ó gbé e wò lẹ́ẹ̀kejì. "Èyí ò tó mi," ni ó wí. "Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Òun ni ó gun àga náà. Ní àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, alùpùpù rọ̀, mo rí ẹsẹ̀ ìyá wa tí ó ti ń wá ilẹ̀. Bàbá wa pariwo pé kí ó jókòó. Ẹ̀rọ náà bú, ó ń fà, ó ń fà, títí mo fi rí gèlè ìyá wa lókè téńté. Wọn kò dúró o. Wọ́n gba Òṣòdì lọ, wọ́n gbàgbé èmi àti àpò gàrí sí ìsàlẹ̀. Mo jókòó lé e, mo ń bu gàrí gbígbẹ jẹ, inú mi dùn débi pé mo sunkún.

Lónìí, mọ́tò ń kọjá níbẹ̀ láìmọ̀ pé òkè wà. Ọmọ tí kò tíì hu irùngbọ̀n ń gun ọ̀kadà, bí nǹkan kan bá sì bàjẹ́ lára rẹ̀, kí ọ̀sán tó pọ́n yóò ti ra òmíràn. A dúpẹ́, n kò ní kí ìyà ìgbà yẹn padà wá. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí, ọmọ mi obìnrin wá kí mi, kùkúńbà ni ó ń jẹ níbi tí a ti ń jẹ iyán. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ni ó ní kí ó dín ara kù díẹ̀ kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé, nítorí fọ́tò. Ọmọkùnrin dáadáa ni, n kò bú u. Mo kàn ti abọ́ iyán sọ́dọ̀ ọmọ mi, mo sọ fún un pé nílé tí wọ́n ti bí mi, nígbà tí ìyá wa tóbi ju ohun tó ń gbé e lọ, irin ni bàbá wa ní kí wọ́n gbẹ́.