Kọ̀ǹpútà Màmá Fẹlíṣíà

Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ṣe ní Ọ̀wọ̀. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé àwọn èèyàn wa, mo lọ kọ́ tiẹ̀ náà l'Ákùúrẹ́. Mo padà wálé, mo ń yan kiri ìlú bí ọkọ ìyàwó. Kọ̀ǹpútà Màmá Fẹlíṣíà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ ẹ̀wù iyì náà lọ́rùn mi.

Opó ni màmá, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Nínú pálọ̀ rẹ̀ ló ti ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú àti ti ìgbéyàwó fún àwọn ará ìlú. Kọ̀ǹpútà náà ti dàgbà, ara rẹ̀ ti pọ́n bí eyín ẹni tó ń jobì. Tó bá ti ṣiṣẹ́ díẹ̀, yóò kú lójijì, ohun tí màmá ń tẹ̀ yóò sì bá a lọ.

Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, kò tilẹ̀ wúkọ́. Mo gbé e padà sílé màmá, ó tún kú. Mo pààrọ̀ fáànù, abẹ̀bẹ̀ kékeré tó ń fẹ́ inú rẹ̀. Ẹ̀rọ ò gbọ́. Kúnlé, ọmọ màmá tó wà l'Ékòó, bá yà sọ́dọ̀ mi nígbà tó wálé.

"Bọ̀ọ̀dá Làmídì, ṣé ẹ ti kọ́ńdẹ̀mù ẹ̀ ni?"

Kí a kọ́ńdẹ̀mù nǹkan lédè àwa oníṣẹ́ ni kí a ní kò ṣe é tún ṣe mọ́.

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

"Mi ò ní ra òmíràn o. Màá kúkú mú màmá lọ sí Èkó, kí wọ́n lọ sinmi. Tí mo bá padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ fún mi lésì."

Mo sọ fún màmá. Ojú rẹ̀ rọ̀.

"Ọma mi, kí ni mo fẹ́ lọ ṣe l'Ékòó? Kí n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kí n máa ka mọ́tò?"

Àánú rẹ̀ ṣe mí, ẹ̀rù sì bà mí, torí ẹnu mi ni gbogbo rẹ̀ wà.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, mo ń ti Ìfọ̀n bọ̀, mo yà kí i láìránṣẹ́ ṣáájú. Ó ń tẹ̀wé lọ́wọ́. Àfi bí mo ṣe rí i pé kọ̀ǹpútà wọṣọ! Aṣọ funfun olówùú, irú èyí tí gbogbo ilé ń tẹ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, ni màmá ṣẹ́ po, tó fi bò ó láti orí dé ẹ̀yìn nítorí eruku ọyẹ́.

"Màmá, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń bò ó tẹ́ ẹ bá ń ṣiṣẹ́?"

"Ìgbà gbogbo ni. Tí mo bá mọ̀ pé o ń bọ̀ ni mo máa ń ká a, kó o lè ráyè."

"Ẹ̀rọ yìí ò ṣàìsàn o. Ooru ló ń mú un!"

Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi di àga mú. A ká aṣọ kúrò, ó tẹ odidi ètò ìsìnkú kan tán, ẹ̀rọ ò kú. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti tijú. Nígbà tí Kúnlé dé, mo ní, "Ó gbó ni, kò tíì kú." Ó wo ìyá rẹ̀ nídìí iṣẹ́, kò sì dárúkọ Èkó mọ́.

Nígbà Kérésì, ó gbé kọ̀ǹpútà tuntun wá fún un. Mo lọ kí wọn lẹ́yìn ọdún, mo rí tuntun ní igun pálọ̀, aṣọ funfun lórí rẹ̀. Màmá wà nídìí àtijọ́, ó ń tẹ̀wé.

"Màmá, tuntun ńkọ́?"

Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Jẹ́ kí ìyẹn sinmi."