Nọ́ọ̀tì Tó Wọ Ikùn Tòlótòló

Aago ni ọkọ mi ń tún ṣe ní Enugu Road, ní Sabon Gari ìlú Kano, nínú ìsọ̀ kan tí kò fẹ̀ ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Ó lè tú aago ọwọ́ obìnrin, èyí tó kéré bí èékánná, kó sì tò ó padà láìsọ ohunkóhun nù. Ó fi iṣẹ́ yìí yangàn débi pé ó gbà pé kò sí ohun tí èèyàn ṣe láyé tí òun kò lè tú. Ohun tó kó wa sí wàhálà nìyẹn.

Ní bí ọdún méjì lẹ́yìn tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ òsì kí wọ́n máa gba ọwọ́ ọ̀tún, òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Kano fẹ́ padà sílé, ó sì ta ọkọ̀ rẹ̀ fún wa. Ọkọ̀ náà ní hítà. Ẹni tí kò gbé Kano rí lè béèrè pé kí la fẹ́ fi hítà ṣe nílẹ̀ Hausa. Ẹni tó bá ti fi omi àárọ̀ bọ́jú rí nínú ọyẹ́ ní Sabon Gari kò ní béèrè. Ètè á bó, gìgísẹ̀ á là, omi inú garawa á máa bu èèyàn jẹ bí ajá. Nínú irú òtútù bẹ́ẹ̀ ni ọkọ mi á fa bọ́tìnì kékeré kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, tí atẹ́gùn gbígbóná á sì máa fẹ́ sí wa lẹ́sẹ̀. Mo máa ń ní kó gbé mi lọ sí ọjà Singer lọ ra nǹkan tí mi ò nílò, kí n ṣáà lè jókòó síwájú hítà.

Ẹlòmíràn tó fẹ́ràn hítà yìí ni Wòlíì ìjọ wa. Ìjọ Àládùúrà ni wá, tí a bá ti wọ sùtánà, a kì í wọ bàtà. Láti ilé Wòlíì dé ṣọ́ọ̀ṣì, ọyẹ́ á ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ di funfun. Nítorí náà ọkọ mi ló ń gbé e. Tó bá ti wọlé tán, á na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú bí ẹni tó ń yáná, á sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà ìrìnàjò, èyí tó máa ń gùn ju ìrìnàjò náà lọ.

Nígbà tó yá, mo ṣàkíyèsí pé kápẹ́ẹ̀tì ibi tí Wòlíì ń gbẹ́sẹ̀ lé máa ń tutù rinrin. Mo sọ fún ọkọ mi. Ó ní èmi ni mò ń da omi síbẹ̀ nígbà tí mo bá gbé ìgò omi àdúrà. Mo ní mi ò gbé ìgò kankan láti oṣù tó kọjá. Ó ní a jẹ́ pé omi náà ti pẹ́ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, à ń gbé Wòlíì lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní àdúgbò Brigade. Èmi àti ìyá ẹgbẹ́ akọrin la jókòó sẹ́yìn. Wòlíì ti gbàdúrà dé ibi tó ti ń bẹ Olúwa pé kó tú agbára rẹ̀ jáde sórí wa. Ibẹ̀ ló wà tí nǹkan fi já lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, tí omi gbígbóná tú jáde sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fò sókè, orí rẹ̀ kan òrùlé ọkọ̀, ó sì pe Halelúyà lẹ́ẹ̀mẹ́ta tẹ̀léra. Ìyá akọrin, tí kò rí ẹsẹ̀ Wòlíì láti ẹ̀yìn, gbà pé Ẹ̀mí ti dé, ló bá gbé orin. Èmi náà gbè é. Bí Wòlíì ṣe ń fò la ń pàtẹ́wọ́. Èéfín bo gíláàsì iwájú, ọkọ mi kò rí títì mọ́, a sì kọ orin náà wọ inú gọ́tà.

Ọpẹ́ ni pé ẹsẹ̀ Wòlíì kò bó, ó kàn pọ́n fún ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n ó sọ jẹ́jẹ́ pé láti ìsinsìnyí lọ, òun á máa fẹsẹ̀ rìn.

Mẹkáníìkì wo ọkọ̀, ó ní rádíétọ̀ kékeré tó ń gbé ooru wọnú ọkọ̀ ló ti bẹ́, pé ká dí ẹnu rẹ̀ pa ká gbàgbé rẹ̀. Ọkọ mi ní ẹni tó ń tún aago ṣe kì í dí nǹkan pa. Ó ní òun fúnra òun lòun máa pààrọ̀ rẹ̀, nínú ọgbà ilé wa. Ó lọ bá Alhaji kan tó ń ta àlòkù ẹ̀yà ọkọ̀ ní Brigade. Nígbà tí Alhaji gbọ́ pé hítà ló ń wá, ó jókòó kó lè rẹ́rìn-ín dáadáa, ó wá bi í léèrè pé, “Malam, ba ka da bargo ne?” Ìyẹn ni pé ṣé kò ní bùláńkẹ́ẹ̀tì nílé ni. Ṣùgbọ́n ó wá a kàn lára ọkọ̀ kan tó ti forí sọ igi. Kò tóbi ju Bíbélì orí pẹpẹ lọ. Nọ́ọ̀tì idẹ kan ló so ó mọ́ páìpù, Alhaji sì kìlọ̀ fún un pé kó má sọ nọ́ọ̀tì yẹn nù, torí pé kò ní rí irú rẹ̀ ní gbogbo Kano.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ọkọ mi fi tú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, ó fi gíláàsì tó fi ń wo inú aago há ojú, ó ń to síkúrù kọ̀ọ̀kan lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ẹni pé wọ́n fẹ́ lọ gba oúnjẹ Olúwa. Mo gbé tíì wá fún un lọ́jọ́ kẹta, mo sì rí tòlótòló tó dúró lórí aṣọ funfun náà, tó ṣá nǹkan dídán kan jẹ. Mo rò pé àgbàdo ni.

Tòlótòló náà kì í ṣe tiwa. Ìyá àgbà kan tí a jọ ń gbé inú ọgbà náà, tó ń ta abọ́ ní Singer, ló ni ín, ará Ìjẹ̀ṣà tó ti wà ní Kano kí wọ́n tó bí ọkọ mi. Ó ń fi dúsà, ìyẹn èèrí ọkà, bọ́ ọ de Kérésìmesì, torí pé àwọn àna rẹ̀ ń bọ̀ láti Jos. Nígbà tí ọkọ mi ka àwọn síkúrù rẹ̀ títí, tí kò rí nọ́ọ̀tì idẹ, ó tú aṣọ gbọn, ó tú àpò ara rẹ̀, ó tiẹ̀ ní kí n tú gèlè. Ìgbà náà ni mo sọ ohun tí mo rí.

Ó lọ kúnlẹ̀ síwájú ìyá náà. “Ẹ jọ̀ọ́ Ìyá, ẹ bá mi pa tòlótòló yín. Nọ́ọ̀tì hítà mi wà nínú ẹ̀.”

“Mi ò pe àna mi wá jẹ hítà,” ni Ìyá dáhùn. “Ọjọ́ tí mo bá fẹ́ pa á ni mo máa pa á.”

Ọkọ mi ní òun lè la inú rẹ̀ díẹ̀, kí òun yọ nọ́ọ̀tì, kí òun rán an padà, pé ọwọ́ òun rọ̀. Ìyá na ọwọ́ sí ọ̀pá rẹ̀, ọkọ mi sì dìde.

Kérésìmesì ku ọjọ́ méjìlá. Ọkọ̀ wà nílẹ̀ láìní dáṣíbọ́ọ̀dù, bí ẹnu arúgbó. Ọkọ mi kò ní ìrètí méjì ju pé nọ́ọ̀tì lè gba ẹ̀yìn jáde. Láràárọ̀ lo máa rí i, nínú ẹ̀wù òtútù, gíláàsì aago lójú, tó ń tẹ̀lé tòlótòló káàkiri ọgbà tó ń yẹ ìdọ̀tí rẹ̀ wò. Àwọn ayálégbé tó kù kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá wọ́n ń kí i kú iṣẹ́.

Láti mú kí ikùn rẹ̀ ṣiṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní ìbẹ́pẹ. Tòlótòló kò mọ ète rẹ̀, ó mọ ìbẹ́pẹ. Kò pẹ́ tó fi jẹ́ pé òun ló wá ń tẹ̀lé ọkọ mi. Ó tẹ̀lé e dé Enugu Road, ó dúró sẹ́nu ìsọ̀, kò sì jẹ́ kí oníbàárà kankan wọlé tí ọkọ mi kò bá tíì dá a lẹ́kun. Lálẹ́, ọkọ mi á máa ròyìn fún mi ohun tí àwọn méjèèjì jọ rí lójú ọ̀nà. Ó ní tòlótòló ní etí ọmọlúàbí, ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ dé òpin. Mo mọ ẹni tó ń bá wí.

Nígbà tó ku ọ̀la kí ó di Kérésìmesì, Ìyá ránṣẹ́ sí ọkọ mi pé kí ó wá bá òun di ẹyẹ náà mú. Ó wọ aṣọ, ó jáde, ó ní aago kan wà tó jẹ́ kánjúkánjú. Mo lọ yọjú sí ìsọ̀ lẹ́yìn náà, ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀, gbogbo aago ń dún yí i ká, kò sì tú ọ̀kan ṣoṣo.

Èmi ni mo bá Ìyá di tòlótòló mú. Èmi náà ni mo la iwe rẹ̀. Nọ́ọ̀tì wà níbẹ̀ láàárín òkúta wẹ́wẹ́, wọ́n ti lọ̀ ọ́ títí tó fi ń dán ju wúrà lọ. Mo gbé e lọ fún ọkọ mi. Ó yí i wò lábẹ́ gíláàsì, ó ní, “Ó bá mi nù ún mọ́.”

Nọ́ọ̀tì náà wọlé géérégé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, dáṣíbọ́ọ̀dù ti padà sípò, hítà sì ń fẹ́. Láàárọ̀ Kérésìmesì a lọ bẹ Wòlíì. Ó gbà láti wọ ọkọ̀, ṣùgbọ́n ó ká ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga bí ààfáà tó ń kọ́ ọmọ ní kéwú, bẹ́ẹ̀ ló sì jókòó títí a fi dé ojú títì tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Níbẹ̀ ló ti sọ ẹsẹ̀ ọ̀tún sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó sọ tòsì. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, ó ti sùn, a sì jókòó tì í títí tí agogo fi dún lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tí a délé, Ìyá ti gbé abọ́ ìrẹsì pẹ̀lú itan tòlótòló méjì ránṣẹ́ sí wa. Ọkọ mi wo abọ́ náà, ó ní òun ń gbààwẹ̀. Mo ní ta ló ń gbààwẹ̀ lọ́jọ́ Kérésìmesì. Ó ní ààwẹ̀ ti òun ni. Mo bá a gbàdúrà sí i, mo sì jẹ itan méjèèjì.