Ajá Tó Nílé Méjì

Nígbà tí Tómilọ́lá, ayálégbé tó wà ní yàrá ẹ̀yìnkùlé Bàbá Akínbíyì ní Bódìjà, ń lọ sí Kánádà, ó ta fíríìjì rẹ̀, ó ta bẹ́ẹ̀dì, ó pín aṣọ fún àwọn ará ìjọ. Ajá rẹ̀ nìkan ni kò rẹ́ni gbà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀sẹ̀ kan péré. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Apẹ̀tẹ̀ máa wá mú un."

Ọ̀rẹ́ Apẹ̀tẹ̀ kò tíì dé títí di òní.

Theophilus Akínbíyì kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn ajá. Ará Iléṣà ni, ó fi ọdún mẹ́rìndínlógójì wọn ilẹ̀ fún ìjọba, ọ̀rọ̀ ààlà sì yé e: ènìyàn nínú ilé, ajá níta. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti papòdà, ètò ló fi gbé ara rẹ̀ ró: tíì ní aago méje, ìwé ìròyìn ní mẹ́jọ. Ẹni tí yóò sọ pé "ẹ káàbọ̀" ni kò sí nínú ètò náà. Fúnra rẹ̀ ló ń tilẹ̀kùn, fúnra rẹ̀ ló ń ṣí i.

Lọ́jọ́ kẹta tí ajá dé ọwọ́ rẹ̀, ó ti ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì bọ̀. Bó ṣe fọwọ́ kan géètì báyìí, ajá sáré wá, ó ń ju ìrù, ó ń fò sókè, ó ń ké bí ẹni pé ọdún mẹ́wàá ni bàbá ti kúrò nílé. Bàbá dúró síbẹ̀ tòun tàpò lọ́wọ́.

"Èmi lò ń yọ̀ mọ́ báyìí?" ó bi í. "Ó tó, ó tó. Mo ti dé."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń se ìrẹsì tó ju ti ẹnì kan lọ. Bọ́tà ni Tómilọ́lá ń pe ajá náà. Bàbá náà ń pè é bẹ́ẹ̀, ó sì ń ro ẹjọ́ orúnkún tó ń dùn ún fún un.

Àfi bí Bọ́tà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá. Tó bá ti di aago mẹ́wàá, ó ti gba abẹ́ géètì jáde; ìgbà tí oòrùn bá kan àtàrí ló ń padà, ikùn rẹ̀ á yọ roboto. Ọkàn Bàbá kò balẹ̀; ó tilẹ̀ ń jowú díẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ó dé fìlà, ó mú ọ̀pá, ó tọ ajá lẹ́yìn. Àgbàlagbà ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ń fara pamọ́ sẹ́yìn mọ́tò nítorí ajá! Wọ́n gba títì kọjá, ó di ọjà pákó, níbi tí ẹ̀rọ tó ń la pákó ti ń han gooro. Bọ́tà yà sí ìsọ̀ kan, ó jókòó pẹ̀sẹ̀ níwájú obìnrin kan tó fi ìborùn borí. Abọ́ kan ti wà nílẹ̀ dè é.

"Alága, o mà pẹ́ lónìí o," obìnrin náà ní.

"Alága kẹ̀? Bọ́tà ni!" Bàbá ké láti ẹ̀yìn òkìtì pákó, kó tó rántí pé òun fara pamọ́ ni.

Àlàájà Sìlífátù, tó ti ń ta pákó láti ìgbà ọmọge, wò ó láti òkè délẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin lẹ ni ín, sà? Ó ń ṣe fún wa bí ẹni tí kò jẹun nílé rí!"

"Irọ́ ló ń pa mọ́ mi, Àlàájà! Ìrẹsì òun ẹja ló jẹ láàárọ̀ yìí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú àwọn méjèèjì.

"Mi ò kì í jẹ́ kó fẹnu kàn mí, nítorí àlùwàlá," Àlàájà ní. "Òun náà mọ̀, ó ń jókòó jìnnà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń sọ̀rọ̀ ọkọ mi tó ti kú, àwọn ọmọ mi á ní, 'Ìyá, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀.' Alága kì í sọ bẹ́ẹ̀. Á máa gbọ́ ni."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Bàbá lára. "Kí ni wọ́n ń jẹ́, ọkọ yín?"

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi Àlàájà bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. "Nùrẹ́nì," ó ní, ó sì fa bẹ́ǹṣì kan kalẹ̀ fún un. Ó sọ bí Nùrẹ́nì ṣe máa ń jó bí bọ́ọ̀lù bá ti wọlé. Bàbá sọ bí ìyàwó tirẹ̀ ṣe mọ máàpù kà ju òun tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ajá sùn lọ fọnfọn níwájú wọn.

Nísinsìnyí, Bàbá àti ajá ló jọ ń jáde. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ rẹ̀ Adéfọlárìn pè é láti òkè òkun. "Dádì, ariwo kí nìyẹn? Níbo lẹ wà?"

"Ọjà pákó ni mo wà. Àlàájà ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Màá pè ọ́ padà."