Ìdodo Mi Tó Ń Ṣẹ̀jẹ̀

Ẹja gbígbẹ ni ìyá mi ń tà ní ọjà Igbudu, ní Warri. Ìsọ̀ wọn ni mo wà ní ọ̀sán gangan ọjọ́ kan tí oníbàárà kan nàka sí ikùn mi: "Sister, blood dey your cloth o." Mo gbé búláùsì sókè, mo ń wá ojú ọgbẹ́. Kò sí ọgbẹ́ kankan. Inú ìdodo mi ni ẹ̀jẹ̀ ti ń sun, díẹ̀díẹ̀, bí omi ṣe ń sun lára àmù.

Ẹni ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà. Lóṣù kejì, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Lóṣù kẹta, bẹ́ẹ̀ náà ni. Kókó dúdú kan wà níbẹ̀, kò ju hóró àgbàdo lọ. Tí nǹkan oṣù mi bá ti ń sún mọ́, á wú, á sì dúdú sí i. Kò tàsé ọjọ́ rí. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí bí ohun tó ní ojú tó fi ń wò mí.

Inú rírun ti wà lára mi láti ilé ìwé, irú èyí tí í dá mi dùbúlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. Ìyá mi a ní, "Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe." Mo gbà, mo ń gbé oògùn mì. Ṣùgbọ́n wọn ò pòwe sí ti ìdodo yìí. Wọ́n wò ó títí ẹja orí iná fi jó.

Ìgbà tó yá ni wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ará Ìlàjẹ ni wá, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi gbé mi wá sí Warri ní ọmọ ọwọ́. Ìyá mi so ìwọ́ mi mọ́ etí aṣọ wọn, kí wọ́n lè rì í mọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìn ilé tí a ń lọ. Níbi tí wọ́n ti ń gbọ́n omi inú ọkọ̀ dànù, aṣọ tú, ìwọ́ sì bọ́ sódò. Wọn ò sọ fún bàbá mi títí bàbá mi fi kú.

"Omi ló ń béèrè ìyókù," ni wọ́n wí.

Tíṣà ìṣirò ni mí ní Ogunu, mo kàwé, mo fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kẹ̀yìn sí bọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo bá ń wẹ̀. Mo kọ̀ fún ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ mi, torí mi ò mọ ohun tí mo máa mú wọ ilé rẹ̀. Ọdún mẹ́rin la fi gbààwẹ̀, tí a fi pa òróró. Nígbà tí ìyá mi wá dá ọjọ́ tí wọ́n máa rì mí bọ odò ní ilé àdúrà kan, mo fárígá. Mo ní dókítà ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí.

Obìnrin kékeré kan ni dókítà náà, ní Effurun; ìyá mi bá mi lọ. Kò tíì wo ìdodo tó fi bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.

"E dey come with your period?"

Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí.

"If you wan go toilet that time, e dey pain you? Your body dey weak you anyhow?"

Orí mi wú. Ohun tí mi ò sọ fún ẹ̀dá alààyè kan ló ń kà jáde, bí ẹni tó ti ń bá mi gbé yàrá láti ọjọ́ yìí.

"Na so," ohùn kan dáhùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kí n tó lanu. Ìyá mi ni.

Dókítà yíjú sí wọn. "Mama, you too? With your husband nko, e dey pain you?"

"Na so."

"E tey before you born?"

"Eleven years." Ojú wọn kò kúrò lára ògiri.

Dókítà ní ohun kan tó jọ ara tó tẹ́ inú ilé ọmọ ló máa ń hù síbi tí kì í ṣe ààyè rẹ̀. Tí nǹkan oṣù bá dé, òun náà á ṣẹ̀jẹ̀. Ó ní ó máa ń rìn nínú ẹbí, ó sì lè mú kí ọmọ pẹ́ kó tó dé. Ó ní ká ya àwòrán inú mi, ká gé kókó náà ká yẹ̀ ẹ́ wò. Kò ṣèlérí ọmọ fún mi.

Síbẹ̀, ayọ̀ ni mo bá jáde. "Mama, no be water," mo ní. "No be you."

Ìyá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Àwọn ẹbí bàbá mi ló fi ọdún mọ́kànlá náà pè wọ́n ní àjẹ́ tó ń jẹ ọmọ inú ara rẹ̀.

"Wọ́n ti kú tán," ni ìyá mi wí. "Ta ni mo fẹ́ lọ sọ fún?"