Abala Kẹ́mísírì Tí Mo Fi Pamọ́

Ọjọ́ tí mo kúrò ní Oǹdó lọ sí yunifásítì ní Àkúrẹ́ ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé.

Ilé ẹ̀kọ́ girama wa kò ní olùkọ́ kẹ́mísírì. Ìwé ìbéèrè àtijọ́ kan ṣoṣo la ní, a sì ya á sí abala-abala kí a lè máa gbà á kà lọ́wọ́ ara wa. Nígbà tí ìdánwò àṣewọlé yunifásítì ku ọ̀sẹ̀ méjì, Bọ́sẹ̀ ọ̀rẹ́ mi bèèrè abala kẹ́mísírì lọ́wọ́ mi. Mo ní òjò ti pa á. Èmi wọlé, òun kò wọlé.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń lọ sí Àkúrẹ́, Bọ́sẹ̀ wá bá mi di ẹrù. Bó ṣe ń ká aṣọ mi, ó fa abala náà yọ láàárín wọn, níbi tí mo gbàgbé rẹ̀ sí. Òjò kankan kò kàn án.

Ìyá mi ń ti ẹnu ọ̀nà sọ pé, “Bọ́sẹ̀, o ṣé o, ọmọ dáadáa.”

“Kò tọ́pẹ́, mà.” Ó ti abala náà bọ inú àpò mi, ó rọra ní, “Máa mú un lọ. Wàá ṣì nílò rẹ̀.”

Ó ru àpò náà dé gáréèjì.

Ọdún kẹta mi rèé ní Àkúrẹ́. Bí mo bá wálé, ẹ̀yìnkùlé ni mo máa ń gbà kọjá ilé àwọn Bọ́sẹ̀.